Àgọ́ Kánfáàsì Tó Ti Gbó: Òótọ́ àbí Irọ́?

Bí ẹ bá pe kánfáàsì létí ọmọdé lónìí, ẹsẹ̀ yín ni yóò wò, torí bàtà ni ọ̀rọ̀ náà ti dà lẹ́nu wa. Kánfáàsì tí mo ń sọ yìí ti wà tipẹ́ kí bàtà tó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Aṣọ òwú ni, ó ki, ó wúwo. Òun ni wọ́n fi ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ ojú omi, òun ni àwọn ológun fi ń pàgọ́. Abẹ́ irú rẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin tí Baden-Powell kó lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1907 sùn, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tí a ń pè ní Síkáòtù ti ṣẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1915, ẹgbẹ́ náà ti ta gbòǹgbò wọ Nàìjíríà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe ọ̀gá Síkáòtù n'Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a ń kó ẹrù rẹ̀ jáde lẹ́yìn ìsìnkú, a bá àgọ́ kan nísàlẹ̀ gbogbo ẹrù náà, wọ́n ká a sínú àpò kòkó, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Mo tú u sórí koríko. Òórùn bíbu gba imú gbogbo wa. Àmì dúdú wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ bo ibi tó kan ilẹ̀, ó ya níbi méjì, òrùka irin tí okùn ń gbà kọjá sì ti dípẹtà títí ó fi jẹ aṣọ tó yí i ká. Àwọn kan ní ká sun ún. Mi ò gbà, torí abẹ́ àgọ́ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ sùn síta láìsí ògiri nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tí mo ń gbọ́ ìró òjò lórí aṣọ, tí omi ò sì kàn mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìmọ̀ràn ti ń rọ́ wọlé. Àlejò tó wá kí wa, télọ̀ tó wà lójú títì, awakọ̀ tó ń fi tàpólì bo ẹrù, kálukú ló ní tirẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ wà níbẹ̀, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tó lè pa odindi ìdílé. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bó bá ti ń jò, ó ti kú nìyẹn"

Irọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Omi tí ẹ bá bá lára àgọ́ láàárọ̀ lè má jẹ́ omi òjò rárá. Ọ̀rinrin ń bá èémí ẹni tó sùn jáde láti alẹ́ mọ́jú; bó bá kan aṣọ tí ìtútù òru ti mú, á di ìrì, á máa kán. Bí ẹ bá ti ojú àgọ́ pa pátápátá nítorí ẹ̀fọn, tí ènìyàn mẹ́rin sì sùn sínú rẹ̀, ẹ óò jí bá omi bí ẹni pé òjò rọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kí ẹ ta sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráàyè kọjá.

Òjò gan-an wá ńkọ́? Ibí ni ẹwà aṣọ yìí wà. Fọ́nrán òwú máa ń wú bó bá mu omi. Nínú aṣọ tí a hun kó ki, wíwú yẹn ló ń dí àwọn ihò tíńtìntín tó wà láàárín òwú sí òwú. Bó ṣe ń rẹ ni ojú rẹ̀ ń pa dé. Bí oòrùn bá yọ, á gbẹ, ojú rẹ̀ á tún là, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀rá ò lè ṣe èyí. Ọ̀rá ti dí, ó dí náà nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ooru fi ń mú ẹni tó bá sá sábẹ́ tàpólì ọ̀rá títí yóò fi máa làágùn bíi pé òjò ni kò sá fún. Lójú tèmi, gbogbo ìtọ́jú àgọ́ àtijọ́ dá lórí èyí: òwú fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, tiwa ni ká má ṣe dí i lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó ń ba àgọ́ jẹ́, ẹni tó rò pé ọ̀rá ni òwú ló mú un wá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kú lóòótọ́, ẹ lọ síbi tí oòrùn ti pa á jù, ìyẹn orí òrùlé lẹ́bàá òpó. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ẹ gbìyànjú láti fà á ya. Bó bá ya bí ìwé ìròyìn, oòrùn ti jẹ agbára òwú náà tán, kò sí oògùn tí ẹ lè fi kùn ún. Ẹ gé ibi tó ṣì dára nínú rẹ̀ pa mọ́, yóò wúlò fún lílẹ̀ àgọ́ mìíràn. Bó bá kọ̀ tí kò ya, ó ṣì wà láàyè. Tèmi kọ̀.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e, ẹ rí i dájú pé òwú ni. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí àgọ́, ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bí ìwé, á run bí ìwé, á sì di eérú tí ń fẹ́ lọ. Bó bá súnkì, tó yọ́, tó sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré, ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é tàbí kí wọ́n ti fi ọ̀rá lú u. Kánópì tí a ń háyà fún ìnáwó, irú èyí ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ohun tí mo ń sọ níbí ò sì kàn án.

"Má fọwọ́ kàn án láti inú bí òjò bá ń rọ̀"

Òótọ́ pọ́ńbélé. Bàbá wa ọ̀gá Síkáòtù máa ń lọgun rẹ̀ lóru, àwa ọmọ sì rò pé ó kàn ń ṣe òfin ni. Ara omi máa ń fà mọ́ra, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èyí tó wà lójú aṣọ tètè já wọ inú. Bí ìka, orí tàbí báàgì bá kàn án láti inú, a ti fún omi lójú ọ̀nà. Á tẹ̀ lé ìka wọlé, ibẹ̀ á sì máa kán títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àṣìṣe náà ní àtúnṣe kan tí àwọn àgbà Síkáòtù mọ̀: fi ìka kan náà fa ìlà láti ibi tó ń kán lọ sí ìsàlẹ̀ ògiri àgọ́. Omi á gba ojú ìlà yẹn ṣàn lọ sílẹ̀ dípò kó máa kán sórí ẹni tó sùn. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú dáadáa kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbé ibùsùn tàbí ẹrù ti ògiri rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

"Dẹ okùn rẹ̀ kí òjò tó dé"

Ọwọ́ okùn ló wà. Okùn àtijọ́ tí wọ́n fi òwú tàbí èèpo ọ̀gbìn lọ́ máa ń súnkì bó bá rẹ, aṣọ kánfáàsì náà á sì le sí i. Bí ẹ bá ti fà á le tẹ́lẹ̀, agbára náà á fa èèkàn yọ nílẹ̀ tàbí kó ya aṣọ létí òrùka irin. Ẹni tó ní irú okùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde lóru lọ dẹ̀ ẹ́. Okùn náílọ̀nù tí a ń rà lọ́jà lónìí, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe: bó bá rẹ, ṣe ló ń nà, àgọ́ á dẹ̀, omi á sì gún sórí rẹ̀ bí adágún. Okùn náílọ̀nù ẹ óò fà le sí i ni.

"Blíìṣì ló ń pa bíbu"

Télọ̀ ló sọ èyí, ó sì dá a lójú. Irọ́ ni, ó sì bani nínú jẹ́ torí pé ojú rẹ̀ jọ òótọ́. Àmì dúdú á ṣí lóòótọ́, aṣọ á funfun, inú yín á dùn. Àmọ́ blíìṣì kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó bu sára òwú àti òwú fúnra rẹ̀. Á jẹ fọ́nrán, á jẹ òwú tí wọ́n fi rán an, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà aṣọ mímọ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lójú rírán láìsí ẹni tó fà á.

Ohun tó ń bu yẹn, ohun abẹ̀mí ni. Òwú ni oúnjẹ rẹ̀, ọ̀rinrin ni omi mímu rẹ̀. Ẹ gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní lè dàgbà. Ìta gbangba ni mo ti ṣe tèmi, nínú oòrùn, mo sì fi aṣọ bo imú nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, torí bí ẹ bá rin ín lómi kí ẹ tó gbá a, ṣe lẹ ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo po fínígà mọ́ omi ní ìdọ́gba, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ibi tó bu, mo jẹ́ kó dúró díẹ̀, mo fi omi ṣan án dáadáa, mo sì sá a síta látàárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òórùn náà lọ. Àmì dúdú kò lọ tán, kò sì ní lọ tán láé, mo sì ti fara mọ́ ọn, torí àmì lásán kì í jẹ aṣọ.

Ọmọ ìyá irọ́ yìí ni pé kí a fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fọ gbogbo àgọ́ kó lè tàn. Iṣẹ́ ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ni láti mú kí omi tètè wọnú aṣọ, ìyẹn gan-an sì ni a ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí àgọ́. Á bọ́ ohunkóhun tí wọ́n ti fi tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó bá sì kù nínú aṣọ á máa pe omi wọlé ní gbogbo òjò tó bá rọ̀. Omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì tó fún ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí. Bí òróró bá dà sí i, ẹ fi ọṣẹ gidi díẹ̀ fọ ojú ibẹ̀ nìkan, kí ẹ sì ṣan án títí kò fi ní hó mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ńkọ́? Ẹ má gbé e dé ibẹ̀.

"Yọ́ àbẹ́là sínú pẹ́tíróòlù, kí o fi kùn ún"

Èyí ni mo gbọ́ jù, ẹnu ẹni tó fẹ́ràn mi ló sì ti jáde. Mo mọ ìdí tó fi bá ọgbọ́n mu létí wa. Ìda kì í gba omi. Ẹ lọ sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ẹ wo àwọn aládìrẹ tó ń fi ìda gbígbóná ya àwòrán sára aṣọ: ibi tí ìda bá kàn, aró ò lè wọ ibẹ̀. Pẹ́tíróòlù ń tú ìda, á gbé e wọ inú fọ́nrán, òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ lọ, ìda á sì kù sínú aṣọ. Gbogbo ìyẹn rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Ìda ni, pẹ̀lú òwú láàárín rẹ̀. Àgọ́ òwú tí a fi ìda kùn, àbẹ́là ńlá kan ni, ènìyàn ló sì fẹ́ sùn sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1944, ní ìlú Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ eléré sákọ́ọ̀sì Ringling Brothers àti Barnum & Bailey pàgọ́ ràgàjì kan fún eré ọ̀sán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wọ inú rẹ̀, àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ló sì pọ̀ jù, nítorí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Kí òjò má baà jò wọ àgọ́ náà, wọ́n ti fi ìda paraffin tó tó 1,800 pọ́n-ùn, tí wọ́n tú sínú nǹkan bí 6,000 gálọ́ọ̀nù pẹ́tíróòlù, kùn ún. Iná sọ lára ògiri àgọ́ lápá kan. Àwọn onífèrè rí i, wọ́n sì yí orin padà sí èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ eré náà mọ̀ sí àmì ewu. Iná ti dé òrùlé. Ìda tó ń jó ń kán sórí àwọn ènìyàn bí òjò. Àwọn kan sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá ọ̀nà onírin tí wọ́n ń gbà kó ẹranko kọjá, ó ti dábùú ibẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo àgọ́ náà fi wó lulẹ̀. Àwọn òkú tí wọ́n kà tó 167, àwọn tó fara pa lé ní 700. Ohun ìtọ́jú aṣọ tí kì í jẹ́ kí iná ràn wà lásìkò náà, àwọn ológun ni wọ́n ń fún.

Mi ò lè ka ìtàn yẹn kí n sì tún jókòó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi pẹ́tíróòlù àti àbẹ́là dámọ̀ràn fún àwọn ọmọ Síkáòtù. Àní kí ẹ tó dé ibùdó, ewu ti wà nínú pípò rẹ̀. Ooru tó ń fẹ́ lára pẹ́tíróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà rìn, bó bá sì rí iná níbi tó jìnnà, á mú iná náà padà wá bá ẹni tó ń pò ó. Nínú àgbàlá tí sítóòfù, jẹnẹrétọ̀ àti àdògán kò jìnnà síra, ibo lẹ fẹ́ ṣe é sí?

Ìda ní ibi tó ti wúlò, ibi kékeré sì ni. Bí ojú rírán kan bá ń jò, ẹ sá àgọ́ sóòrùn kí aṣọ lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì fi mọ́ńbé ìda oyin gbo ojú rírán náà lọ gbọọrọ. Ó tán. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mú epo linseed wá, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń kun igi, ẹ sọ fún un pé àkísà tí epo yìí bá wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì ká jọ sójú kan, lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Kò yẹ ká fi irú rẹ̀ kun ibùsùn ọmọ.

Àgọ́ tí a kò fi ohunkóhun kùn pàápàá, òwú ni, ó ń jó. Kọ́ìlì ẹ̀fọn, àbẹ́là àti sítóòfù kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀.

"Álọ́ọ̀mù àti ọṣẹ tó o"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá àgbà kan ládùúgbò sọ èyí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà. Òótọ́ ni, ọgbọ́n àtijọ́ ni, ó sì bọ́ sí i. Gbogbo wa la mọ álọ́ọ̀mù tí a ń jù sínú omi kànga kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀. Ẹni tó ti fọṣọ pẹ̀lú omi kànga líle rí mọ̀ pé ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀; ó máa ń dì ni, á lẹ̀ mọ́ abọ́ bí ọ̀rá funfun, omi ò sì ní lè ṣan án kúrò. Ohun tó wà nínú omi yẹn ló so mọ́ ọṣẹ, tí ọṣẹ fi di ohun tí kì í yòrò. Álọ́ọ̀mù ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gẹ́lẹ́. Bí ọṣẹ bá ti wọ inú òwú, tí álọ́ọ̀mù wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n jọ dà á lẹ̀ mọ́ fọ́nrán, ó sì kórìíra omi. Síbẹ̀ kò dí ihò aṣọ bí ìda ti ń ṣe, nítorí náà afẹ́fẹ́ ṣì ń kọjá, òwú ṣì lè wú.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo gé ọṣẹ ìfọṣọ gidi wẹ́wẹ́, nǹkan bí 450 gíráàmù, mo yọ́ ọ sínú lítà 8 omi gbígbóná. Ọṣẹ gidi ni o, èyí tí wọ́n fi òróró sè. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú kì í bá álọ́ọ̀mù dì, asán ni gbogbo wàhálà náà á já sí. Nínú ike mìíràn mo yọ́ álọ́ọ̀mù tó jẹ́ ìdajì ọṣẹ náà, 225 gíráàmù, sínú omi gbígbóná tó pọ̀ bákan náà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kéré lè rì í bọ inú ọṣẹ, kó sá a, kó tún rì í bọ inú álọ́ọ̀mù fún wákàtí bíi méjì. Àgọ́ tèmi tóbi ju ike èyíkéyìí tí mo ní, nítorí náà mo pa á sójú oòrùn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kun ọṣẹ sí òrùlé rẹ̀ títí ó fi rin gbingbin, mo jẹ́ kó gbẹ, kí n tó wá fi álọ́ọ̀mù kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Àsìkò ọyẹ́ ni, ó sì gbẹ kíákíá. Nígbà tí mo bu omi dà sí i lọ́jọ́ kejì, ṣe ló ń yí dànù bí omi orí ewé kókò.

Ó ní àbùkù. Kì í pẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo. Ẹ óò tún un ṣe bí ẹ bá rí i pé omi ò yí dànù mọ́. Álọ́ọ̀mù tún máa ń kan díẹ̀, bó bá pọ̀ jù, bí ọdún ti ń gorí ọdún á máa sọ òwú di aláìlágbára. Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí òrùlé nìkan. Ẹni tó lówó láti ra ti inú agolo, kó wá èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ti aṣọ òwú ni, tí a fi omi pò, tí kì í sì í dí afẹ́fẹ́. Kó kọ́kọ́ dán an wò níbi kọ́lọ́fín kan, torí àwọn kan máa ń yí àwọ̀ aṣọ padà.

"Òwú náílọ̀nù ló lágbára jù, òun ni kí o fi rán an"

Ó lágbára, àmọ́ agbára kọ́ la ń wá níbí. Abẹ́rẹ́ tó gba inú kánfáàsì kọjá ti lu ihò sí i, òwú tó wà nínú ihò yẹn ló sì gbọ́dọ̀ wú láti dí i. Náílọ̀nù kì í wú. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń mi àgọ́, òwú líle á máa rẹ́ aṣọ rírọ̀ bí ayùn. Èyí tó dára jù ni òwú tí inú rẹ̀ jẹ́ poliẹ́sítà, tí wọ́n fi òwú gidi wé níta. Bí kò bá sí, òwú gidi tó nípọn, tí a fi ìda oyin gbo, tó.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó lọ́lá ni àgọ́ pípa. Iṣẹ́ tí Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì pẹ̀lú Ákúílà àti Pìrìsíkílà jọ ń ṣe jẹun ní Kọ́ríńtì nìyẹn, ẹni tó bá sì ti fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ yìí ní ìpele mẹ́rin á mọ̀ pé wọn ò jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Máṣíìnì télọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lè rán an, bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà 16 tàbí 18. Ibi tó bá ki jù, ṣúmẹ́kà ni mo gbé e lọ bá, ó sì fi abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán bàtà rán an. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ojú abẹ́rẹ́ sún mọ́ra jù. Bí ihò bá tò tímọ́tímọ́, aṣọ á ya lójú ìlà náà bí ìgbà tí a ń ya sítáǹbù lẹ́tà.

Aṣọ tí ẹ fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì sá a, torí òwú tuntun máa ń súnkì, bó bá sì súnkì lẹ́yìn tí ẹ ti rán an mọ́ àgọ́, á fa gbogbo àyíká rẹ̀ jọ. Ẹ jẹ́ kó nípọn tó ti àtijọ́, kó má jù ú lọ. Ẹ gé igun rẹ̀ kó rí róbótó, torí igun ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ìlà rírán méjì ni kí ẹ gbà yí i ká.

"Àgọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rán kò gbọdọ̀ rí omi"

Irọ́. Àgọ́ òwú tuntun, tàbí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, gbọ́dọ̀ rí omi kó tó rí òjò. Ẹ pa á, ẹ bu omi sí i títí yóò fi rin, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tèmi kán lójú rírán mẹ́fà. Ní ìgbà kẹta, ẹyọ kan ló kù, ìda oyin ló sì parí ti ìyẹn. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó fi ọṣẹ àti álọ́ọ̀mù kùn ún.

"Ká a, gbé e sí sítóò, ó di ọdún tó ń bọ̀"

Ibí ni ọ̀pọ̀ àgọ́ ń kú sí, ibí náà ni ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí. Aṣọ lè gbẹ lójú kí etí rẹ̀ má gbẹ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ṣẹ́ po, ojú rírán, ẹnu ọ̀nà àti ìdí òpó. Bó bá tutù lọ́wọ́, omi ṣì wà níbẹ̀. Bí òjò bá lé yín kúrò níbùdó tí ẹ ká a ní tútù, ẹ tú u kí ọjọ́ kejì tó pé, ìbáà jẹ́ inú pálọ̀ lẹ ti máa ta á sórí àga. Ẹ má fi ọ̀rá wé e, torí ọ̀rá á há ọ̀rinrin mọ́nú. Ẹ má sì gbé e lé sìmẹ́ńtì, torí sìmẹ́ńtì ń fa omi láti ilẹ̀.

Inú àpò aṣọ ni tèmi wà báyìí, lókè, níbi tí eku ò lè dé. Ní oṣù Kẹjọ, bí òjò bá ti simi díẹ̀, mo máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń tú u sórí koríko kan náà. Àwọn ọmọ á ti kó wọ abẹ́ rẹ̀ kí n tó kan èèkàn kẹrin. Ibi tí òrùka irin tuntun wà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.